Àgọ́ Aláwọ̀ Òkúta

Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìyá Àgọ́ ti ń rán àgọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àgọ́ kan tó jáde nílé iṣẹ́ náà tí kò kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ohun èlò àwọn tó máa ń gun òkè ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: àgọ́ tí wọ́n máa sùn sí, àpò tí wọ́n máa gbé kọ́ ẹ̀yìn, kóòtù òjò. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ eérú, láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, àwọ̀ méjì yẹn náà ni. Ó ti sú u débi pé bó bá ń lá àlá pàápàá, àwọ̀ eérú ni.

Lọ́jọ́ kan ni Màdáámú tó ni ilé iṣẹ́ pe gbogbo wọn jọ, ó ní ayé ti yí. Ó ní àwọn oníbàárà ò fẹ́ ohun tó kàn ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òjò mọ́, wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi yangàn. Nítorí náà òun ti wá oníṣẹ́ ọnà kan tí yóò ya àwòrán sára àgọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì máa fi sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣílẹ̀kùn, oníṣẹ́ ọnà wọlé. Ta ni Ìyá Àgọ́ máa rí? Àbúrò ọkọ rẹ̀!

"Háà! Aláràbarà!"

"Ìyàwó wa!"

Ìyá Àgọ́ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ọmọ ọdún méje ni Aláràbarà nígbà náà, ó sì ti fi èédú ya ẹṣin mẹ́fà sára ògiri yàrá ìyàwó tuntun. Ní báyìí irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nílé ni ìyàwó ti bá a, ọkọ ló jẹ́ sí i. Àwọn méjèèjì ló ń fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan nítorí ọjọ́ orí, èkejì nítorí ilé ọkọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, ńṣe ló máa ń dà bí ìjà.

"Ẹ mọra yín ni?" ni Màdáámú béèrè.

"Ọkọ mi ni," ni Ìyá Àgọ́ dáhùn. Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Aláràbarà tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì. Òkúta ló yà. Kì í ṣe òkúta ṣákálá o. Ó sán níbi tó yẹ kó sán, ewé wẹ́wẹ́ hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyẹ sì ti ṣu sí i lórí.

"Ìgbẹ́ ẹyẹ yìí, ṣé dandan ni?" ni Ìyá Àgọ́ wí.

"Ìyàwó wa, iṣẹ́ ọnà ni."

"Èmi ni mo máa rán an, ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Bí wọ́n bá wá pa á sáàárín òkúta ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Ẹ jẹ́ ká fi pupa díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà."

Aláràbarà di àyà mú bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. "Pupa? Lára òkúta?"

Màdáámú ní kí wọ́n rán an bó ṣe yà á. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Aṣọ mọ́kànlá tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí ni Ìyá Àgọ́ ní láti so pọ̀. Bí ibi sísán kan bá bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ lọ bá ara rẹ̀ pàdé lára èkejì láìyẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń fojú wọ̀n ọ́n, tó ń tú u, tó ń tún un rán. Ó sì fi téèpù dí gbogbo ojú rírán kí omi má ráyè wọlé. Nígbà tó parí, wọ́n yin oníṣẹ́ ọnà. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Àgọ́ pé báwo lo ṣe ṣe é. Ó dùn ún díẹ̀, àmọ́ ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màdáámú, Aláràbarà, Ìyá Àgọ́ àti ayafọ́tò kan gbé àgọ́ náà lọ sórí òkè kan lẹ́yìn ìlú láti lọ ya fọ́tò rẹ̀. Òkúta ló kún ibẹ̀ bámú. Wọ́n pàgọ́, wọ́n kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀: ẹ̀rọ ayafọ́tò, oúnjẹ ọ̀sán, fóònù gbogbo wọn, àti báàgì Màdáámú tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ayafọ́tò ní oòrùn ṣì le jù fún fọ́tò, ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bọ́jú lódò. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi padà dé. Kò sí àgọ́ mọ́.

"Olè o!" Màdáámú káwọ́ lérí. "Wọ́n ti gbé e lọ!"

Ńṣe ni Aláràbarà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. "Kò lọ síbì kankan! Ó wà níbí, a ò rí i ni! Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe pé tó?"

"Ó dáa. Níbo ló wà?"

Ẹ̀rín gé. "Ó wà... ẹ jẹ́ kí n wò... Òun nìyẹn!" Ó fi ìgboyà rìn lọ, ó gbé èjìká ti òkúta kan. Òkúta ò mira. Òun ló padà sẹ́yìn, tó ń fọwọ́ ra èjìká.

Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà mẹ́rin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yẹ òkúta wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Màdáámú ń gbá wọn létí. Ayafọ́tò rọra ń kan tirẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà àna: kó, kó, kó. Bàbá àti ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń gun òkè kọjá, wọ́n dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń wá?"

"Òkúta ni," ni Màdáámú dáhùn, inú ti bí i.

Bàbá wo òkè tó kún fún òkúta, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹ ó rí i o," ló wí, ni àwọn méjèèjì bá yára ẹsẹ̀.

Òjò ṣú, ó sì dé. Àwọn yòókù sá wọ abẹ́ igi, Màdáámú ń pariwo pé kí Ìyá Àgọ́ máa bọ̀. Ìyá Àgọ́ ò mira. Ó ń wo àwọn òkúta. Bí òjò ṣe ń bà wọ́n ni wọ́n ń dú, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń dà bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Gbogbo wọn ló dú, àyàfi ẹyọ kan. Ní ti ìyẹn, ńṣe ni omi ń ṣù roboto lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń yọ̀ ṣọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ wá wò ó!" ló kígbe. "Irú òkúta wo ni omi kì í wọ̀?" Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fi ìka méjì mú òkúta náà, ó sì ṣí síìpù rẹ̀.

Èèyàn mẹ́rin há mọ́ra nínú àgọ́ tí wọ́n ṣe fún èèyàn méjì. Òjò ń lu orí àgọ́ kíkankíkan, ẹ̀kán kan ò jò. Aláràbarà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń fi ìka tọ ibi sísán kan tó là hàn láti ìta. Ìka rẹ̀ lọ títí, ó dúró, ó padà wá, ó tún lọ.

"Ìyàwó wa, níbo lẹ ti so ó pọ̀?"

"Ẹ wá a."

Ó wá a títí, kò rí i àfi ìgbà tó fi èékánná kan téèpù. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ṣe tó báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Àmọ́ bí ẹ ò bá fẹ́ pupa lára òkúta, alángbá ńkọ́? Akọ alángbá olórí pupa. Àbí alángbá kì í gun òkúta?"

Ó rò ó wò. "Ó máa ń gùn ún. Màá yà á."

"Ẹ ò ní yà á o. Èmi ni màá gé e nínú aṣọ, èmi ni màá rán an mọ́ ọn."

"Kí ìrù rẹ̀ gùn dáadáa," ni Màdáámú fi ẹnu tí oúnjẹ kún sọ, "kí n lè máa rí i láti ibi ọkọ̀."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àgọ́ àkọ́kọ́ tó ní alángbá jáde, Màdáámú sì ní orúkọ méjì ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Aláràbarà mú bíírò wá, ó nà án sí ìyàwó wọn pé kó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Ìyá Àgọ́ ní bíírò ò lè dúró lójú òjò. Ó fa ẹnu ọ̀nà àgọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi òwú kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn yùn-ùn.

Aláràbarà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ìyàwó wa, tiyín tóbi ju tèmi lọ."

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ni Ìyá Àgọ́ wí. "Ẹsẹ̀ mi ló wà lórí ẹ̀rọ."