Ìlà Kọkànlélógún

Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń bójú tó ojú-ìwé òkú nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ojú-ìwé kan ṣoṣo tí tọmọdé tàgbà ń kà kí wọ́n tó ka ohun tí ìjọba sọ. Ogún ìlà ni òfin fún òkú kọ̀ọ̀kan, ì báà ṣe olówó, ì báà ṣe tálákà. Bí ẹbí bá kọ ogójì wá, Àlùmọ́gàjí á fa bírò pupa yọ, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á máa gé e bọ̀ lókè. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á sunkún, ẹlòmíì tilẹ̀ máa ń ṣépè. Kì í wo ojú wọn. Ó ní òkú tó bá fẹ́ ju ogún ìlà lọ, kó lọ tẹ ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìdí iṣẹ́ yìí ló sì ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó ní ti ọkùnrin kan tí ìyàwó méjì mú ìkéde rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan náà, tí àwọn méjèèjì ń pera wọn ní opó kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀. Ó ní ti ẹni tó kú "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́ tó gba ọdún mẹ́rìnlá." Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń fi parí ni ti ìyá kan, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó kọ ọ́ sínú ìkéde pé àkọ́bí òun jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. "Àkọ́bí o!" Àlùmọ́gàjí á pàtẹ́wọ́. "Àwọn àbúrò ọmọ ọ̀hún ti bímọ, òun ṣì ń rákòrò!" Gbogbo ọ́fíìsì á wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó sọ ọ́ nílé náà lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun. Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi gba ọ̀nà òdì lọ́fun wọn. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó wọlé lọ sùn. Àlùmọ́gàjí rò pé arúgbó kì í fẹ́ ẹ̀fẹ̀ tó bá ti ní ikú nínú.

Nígbà tí bàbá náà wá kú lọ́dún yìí, òun ló jókòó kọ ìkéde rẹ̀. Ogún ìlà fún bàbá tirẹ̀ náà. Kò ní í rú òfin nítorí ẹ̀jẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Ó kà á débi tó ti kọ ọ́ pé, "Ó lọ bá aya rẹ̀ ọ̀wọ́n, tó kú nígbà tó ń bí ọmọ wọn kan ṣoṣo." Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ sókè.

"Gé ibẹ̀ yẹn."

"Kí ló dé, mà?"

"Mo ní kó o gé e. Ṣebí ìwọ lo máa ń gé tayé. Má jẹ́ ká purọ́ lé òkú lórí. Ìyá rẹ ò kú nígbà ìkúnlẹ̀ kankan."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Èyí ti lé láàádọ́ta ọdún. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, kò wo ojú ọmọ àbúrò rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìjà tọkọtaya ni. Mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó fà á mọ́. Ìyá rẹ ń fọ aṣọ ìdí rẹ lẹ́yìnkùlé, kó tó sá a tán, bàbá rẹ ti gbé ẹ wọ mọ́tò. Ọ̀dọ̀ mi ló gbé ẹ wá. Ó pa orúkọ rẹ dà. Obìnrin yẹn wá ẹ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo jáde sí i. Mo ní n ò rí àbúrò mi sójú láti ọdún tó kọjá. O wá ń ké nínú yàrá, ó ń gbọ́ ẹ, èmi sì dí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú bá wa nílé yẹn."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Ìyá Àgbà. Ẹ sì wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀," ni Ìyá Àgbà sọ. Ó wá dárúkọ obìnrin náà, orúkọ àbísọ àti ti bàbá rẹ̀. "Ó lè wà láyé o. Ọmọdé ni nígbà yẹn, ogún ọdún péré ló fi jù ẹ́ lọ."

Àlùmọ́gàjí ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọjọ́ orí tí èèyàn ṣì lè máa jókòó sẹ́nu ilé kó máa retí àlejò. Obìnrin tó ti ń sin òkú olókùú láti ọdún yìí wá, ó wá ku kó wá alààyè tirẹ̀. Ohun méjì péré ló fẹ́ mọ̀, kò sì fi wọ́n pa mọ́ fún ara rẹ̀: ṣé ìyá òun wà láyé, ṣé ó sì rántí òun.

Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ìlú tí wọ́n ti bí i. Akọ̀wé ibẹ̀ kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó jáde fún un, wọ́n ga dé ìgbáròkó, eruku sì mú àwọn méjèèjì sín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nínú ìwé kẹta ló ti bá a. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn, awakọ̀ kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Nínú ìwé ìbí, ó rí ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí, ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Àlùmọ́gàjí fi ìka tọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ kan ṣoṣo látọjọ́ tó ti gbọ́n, ó ní àbúrò mẹ́ta.

Orúkọ ọkọ yẹn ló mú un padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, síbi tí wọ́n kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, tí wọ́n di wọ́n lọ́dọọdún. Ìrètí rẹ̀ ni pé òun ò ní í rí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ti ọdún yìí, ó ń kà á padà sẹ́yìn. Bó bá ka ọdún kan tán tí kò rí orúkọ náà, á rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ikú lọ́dún náà. Ọdún márùn-ún kọjá, kò sí. Ọdún mẹ́jọ, kò sí. Ó ti ń ro ohun tí òun máa kọ́kọ́ sọ bí òun bá dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń ro aṣọ tí òun máa wọ̀.

Ọdún kọkànlá ló ti rí i. Àwòrán kékeré kan, obìnrin kan tí iwájú orí rẹ̀ yọ síta bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ogún ìlà géérégé ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà tó sì gbẹ̀yìn ni, "Ó fi ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀."

Ó sunkún nítorí ikú náà lákọ̀ọ́kọ́, ó sunkún bí ẹni tó gbọ́ òkú lánàá. Ṣùgbọ́n nígbà tó nu ojú tán, mẹ́ta yẹn ló kù tó ń wò ó. Ó bí mẹ́rin, ó ka mẹ́ta. Àlùmọ́gàjí mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ìkéde náà gbà kọjá, nítorí kò sẹ́lòmíì nídìí iṣẹ́ yẹn, àmọ́ kò rántí rẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ti kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn fọ́ọ̀mù tí àwọn ẹbí kọ wá lọ́dún náà sì ti di eérú. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń sun wọ́n. Ìkéde náà sì parí dáadáa, àmì ìdúró wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gé kì í fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́fà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ó da àdírẹ́sì tó wà nínú ìkéde náà kọ, ó wọ mọ́tò. Kò lọ torí kí wọ́n lè gbà á mọ́ra. Ìbínú ló gbé e lọ. Ó fẹ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá kù nínú ilé yẹn léèrè bí ìyá ṣe ń gbàgbé iye ọmọ tó bí.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló bá níwájú ilé náà. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ń fá pákó, èérún igi bò ó dé kókósẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Àga lẹ fẹ́ ni àbí ilẹ̀kùn?"

Àlùmọ́gàjí ò mọ bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ káfíńtà dúró lórí pákó. Ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wò ó títí, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ, kò tiẹ̀ bi í pé ta ni. "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọlọ́run, ẹ jọ wá jù!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi fìlà nu àga kan tí kò dọ̀tí rárá.

Àlùmọ́gàjí ò jókòó. "Kí ló dé tí kò kà mí mọ́ yín? Mo rí i nínú ìwé ìròyìn. Ó ní ọmọ mẹ́ta lòun bí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Káfíńtà wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde, ó fa bébà kan yọ nínú rẹ̀. "Màámi ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, nígbà tí dókítà ti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan táwọn lè ṣe mọ́. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n kọ, ọ̀kan fún àwọn oníwèé ìròyìn, ọ̀kan kó wà nílé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí kì í ka ojú-ìwé òkú. Wọ́n ní bàbá yín ò lè burú débi pé kò ní í sọ orúkọ àwọn fún yín, pé níbi yòówù tẹ́ ẹ bá wà, ẹ máa rí i. Gbogbo ìrètí wọn nìyẹn."

Àlùmọ́gàjí gba bébà náà. Ìlà mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, ó kà á. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa ka ìlà kó tó ka ọ̀rọ̀. Ogún ìlà àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìròyìn. Níparí ogún yẹn, kò sí àmì ìdúró. Ọ̀rọ̀ náà ń bá a lọ: "àti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀nà ilé kò tíì dí."

Àlùmọ́gàjí jókòó sórí èérún igi. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ibi tí wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ìyá ti dá a dúró sí. Kò mọ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ fi ọjọ́ orí tí kò rí purọ́. Ó rántí bí òun ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ó rántí ọ́fíìsì tó ń wó fún ẹ̀rín, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ó rántí ṣíbí tí bàbá rẹ̀ gbé sílẹ̀, ó sì yé e pé kì í ṣe orí ló ń fọ́ ọ.

Káfíńtà ò mọ nǹkan kan. Ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni. "Wọ́n gé e," ló sọ. "Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń lo bírò pupa. Àbúrò wa obìnrin bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ìlà kan péré ni, ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn màámi ni. Obìnrin yẹn ní òfin lòfin. Ó tún fi ṣẹ̀fẹ̀ lójú ẹ̀. Mo bínú sí i títí, ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣépè fún un nígbà kan." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti kọjá. Ẹ ti dé. Mi ò tiẹ̀ tíì bi yín, iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?"

Irọ́ pọ̀ nílẹ̀ tó lè pa. Ó lè ní tíṣà lòun, tàbí aránṣọ. Ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀, ọkùnrin yìí ì bá sì máa pè é ní ẹ̀gbọ́n títí ayé. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa. Bírò pupa náà wà nínú báàgì rẹ̀ níbi tó jókòó sí, nítorí kì í rìn láìmú un.

"Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo wà," ló sọ. "Ojú-ìwé òkú. Èmi nìkan ni mo ń ṣe é, láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Káfíńtà padà sídìí pákó rẹ̀, ó mú ohun èlò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ibi tó ti dán tẹ́lẹ̀. Ó fá a lọ, ó fá a bọ̀. Èérún ń bọ́ sórí bàtà Àlùmọ́gàjí, kò gbọ̀n ọ́n kúrò. Nígbà tí ọkùnrin náà máa sọ̀rọ̀, kò yíjú.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ kà á ni, àbí ẹ kàn gé e?"

Ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé òun ò kà á. Bóyá ìyẹn ni ọkùnrin náà fẹ́ gbọ́, bóyá ìyẹn ló nawọ́ rẹ̀ sí i. Àlùmọ́gàjí tún wo bébà náà, ó wo bí lẹ́tà ìyá rẹ̀ ṣe tóbi, tó rọra kọ ọ́ kó má bàa ṣòro kà.

"Mo kà á, àbúrò mi," ló fèsì. "Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á. Mo kà á dé òpin, mo sì rẹ́rìn-ín."