Ògiri Tí Bàbá Mi Kọ́ Sábẹ́ Ilé

Mo ti rí i kí n tó pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Èmi ni mo ya àwòrán ilé yẹn. Ó yẹ kí n dúró lójú ọ̀nà kí n máa wo òkun láàárín òpó méjìlá tó gbé e dúró. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni mo rí dípò òkun. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì gbé ère Màríà Wúńdíá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni pé kó máa bá wọn ṣọ́ ọ.

Ọlọ́run mi, Olùgbàlà mi. Mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Rédíò ń sọ ọ́ léraléra pé ìjì náà ti yí ojú, pé kò lọ sí ìwọ̀-oòrùn mọ́, pé Pointe Zénon wa yìí gan-an ló kọrí sí, yóò sì wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Mo wá kó Bàbá àti Màmá lọ ni, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀, omi lápá ọ̀tún, omi lápá òsì, kì í sì í dúró de ìjì kó tó rì.

Bàbá ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ife kọfí lọ́wọ́.

"Noelie! Kí lo jókòó sínú mọ́tò bí àlejò fún?"

"Bàbá, kí lẹ kọ́ sábẹ́ ilé?"

"Yàrá ni. Ṣé ìwé tó o kà ti mú kó o gbàgbé bí yàrá ṣe rí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ kí n yìn ín.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílùú ni pé mò ń ya ìpìlẹ̀ ilé fún àwọn ará etíkun. Nígbà tí ìjì tó kọjá gbé ilé wa àtijọ́ lọ, tó jẹ́ pé ìkòkò irin Màmá nìkan la rí nínú ẹrẹ̀, èmi ni mo ya tuntun. Nígbà tí wọ́n ń gbá àwọn òpó yẹn wọlẹ̀, mo dúró tì wọ́n, mo ń kì wọ́n nínú ara mi: òpó páìnì, ọmọ igbó tó wá di ará omi, a-wọlẹ̀-ní-ọgbọ̀n-ẹsẹ̀-bàtà kó tó gbórí sókè, a-gbé-ilé-má-rojọ́, omi dé, o yàgò fún un, omi lọ, ó bá ọ níbi tó fi ọ́ sí. Mo gbé ilẹ̀ ilé sókè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá. Mo sì jókòó pẹ̀lú Bàbá nídìí tábìlì, mo fi ìka han án lórí ìwé: abẹ́ ilé, kí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan gbá a yí ká, kó jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ kan ìṣó díẹ̀ sí i, kí omi lè rí i gbé lọ láì bá òpó jà. Àtẹ̀gùn pàápàá, bákan náà. Bàbá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ó gbọ́.

Àmọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, rọpárọsẹ̀ mú Màmá lápá òsì. Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún ló wà láti ilẹ̀ dókè.

"Ó ń sunkún lókè níbẹ̀ yẹn," Bàbá wí, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "O mọ ìyá ẹ. Kò sí ọkọ̀ tó máa gba orí omi yìí kọjá tí òun ò ní rí ohun tó máa fi bú ẹni tó ni ín. Lókè lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run nìkan ló ń bú. Mo wá ṣe yàrá fún un nísàlẹ̀. Bí mo bá gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ó di alẹ́. Ó ń bó edé, ó ń jà pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ara ẹ̀ ń yá, Noelie."

Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Kò mì.

"Mo so ó mọ́ àwọn òpó," ni ó wí, pẹ̀lú ìgbéraga. "Irin ni. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà méjì, irin kan."

Ẹni tí kò bá gbé Pointe Zénon kò lè mọ̀ pé ìfẹ́ nìyẹn. Apẹja ni wá. Bí ìjì bá ń bọ̀, síso la máa ń so nǹkan. A ń so ọkọ̀, a ń so táǹkì epo, a ń so ilé ajá, a sì ń fi irin de pósí àwọn òkú wa mọ́lẹ̀ nínú ibojì kí omi má baà kó wọn lọ. Ohun tí Bàbá mi fẹ́ràn jù láyé ló so mọ́ ohun tó lágbára jù tó ní.

Mo pariwo lé e lórí. Kí Olúwa dárí jì mí. Mo sọ fún un pé omi kì í bá òpó jà, àárín wọn ló ń gbà kọjá. Ògiri ni yóò gbá mú, ògiri yóò fa irin, irin yóò fa òpó, òpó yóò fa ilé. Bàbá náà pariwo. Ó ní òun ti wà lórí òkun kí wọ́n tó bí mi. Ó ní òun ò kúrò ńlẹ̀ yìí. Mo ní gbígbé ni màá gbé Màmá. Ó ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, a sì gbàgbé ọ̀nà.

Ozeme, ọmọ àbúrò bàbá Bàbá mi, ló rán wa létí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé itan.

"Ẹ kú ìjà o," ó wí. "Mọ́tò mi ti kú sójú ọ̀nà. Ẹja ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí."

Kò sí ọ̀nà àbájáde mọ́. Ó ku àwa mẹ́rin àti ilé náà.

"Bọ̀dá Ozeme," mo wí, "ẹ bá mi wá òòlù ńlá. A gbọ́dọ̀ wó ògiri yìí kí omi tó dé."

"Èwo? Èyí tí mo bá wọn gbé búlọ́ọ̀kù ọ̀ọ́dúnrún fún, tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ fún oṣù méjì?" Ó wojú mi, ó rí i pé n kò ṣeré. "Áà. Ẹ̀yìn mi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ayé yìí ò dáa."

Bàbá wọnú yàrá náà, ó jókòó sórí àga Màmá, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ẹ wó o lé mi lórí."

Ni a bá gbọ́ igi tó ń lu pákó lókè wa, kò, kò, kò. Ọ̀pá Màmá ni. Ohùn rẹ̀ wúwo láti ìgbà àìsàn, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ọ.

"Anatole! Mo ń gbọ́ yín láti àárọ̀. Ta lo kọ́ yàrá yẹn fún?"

"Ìwọ ni, Evelia."

"Ó ti di tèmi nìyẹn. Mo ní kí ẹ wó o. Kó o sì gbé Ìyá Màríà wá fún mi kó o tó ṣe wèrè kankan."

Bàbá dìde. Ó gbé ère náà gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òòlù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wojú mi.

Ògiri tó kọjú sí òkun la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òòlù kan, àdúrà kan. Mo kí ọ Maria, gbàù. O kún fún oore-ọ̀fẹ́, gbàù. Búlọ́ọ̀kù ń fọ́, àmọ́ irin ò gbà. Bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa jù. A ní láti fọ́ sìmẹ́ǹtì kúrò lára irin kọ̀ọ̀kan, kí Ozeme sì máa yí i síwá sẹ́yìn títí yóò fi dá. Ọwọ́ mi bó. Òjò ń fẹ́gbẹ̀ẹ́ gbá wa lójú. Ògiri kìíní lọ, ó ku wákàtí mẹ́rin. Ìkejì lọ, omi ti dé kókósẹ̀ wa, ó dákẹ́ bí olè. Nígbà tí ìkẹta wó, ó ti dé itan, búlọ́ọ̀kù tí a wó sílẹ̀ sì ń gbé wa ṣubú.

"Ó ku ọ̀kan!" mo kígbe.

"Ó ku ọ̀kan, àmọ́ àwa náà á kú," Ozeme wí, ó sì gbá ọrùn aṣọ mi mú, ó fà mí gun òkè.

Kí n má ṣe pẹ́ lórí ohun tí ojú wa rí. Òkun tí a mọ̀ kọ́ ló dé. Abàmì tó ń fi ẹsẹ̀ gbogbo rìn, a-ká-igi-bí-ẹní, a-wọlé-onílé-má-kí-i. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ère Màríà lápá ọ̀tún rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbì ń gba àárín òpó kọjá, a ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kọjá, mo sì ń sọ fún Ọlọ́run pé àánú rẹ ni, ó ń kọjá, ó ń kọjá. Ìgbà náà ni omi rí ògiri kan tó kù. Ó gbá a. Ilé gbọ̀n. Ó tún gbá a. Ohun kan já lábẹ́ wa bí eegun itan, igun ilé ìdáná tẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ gúmbò yọ̀ kúrò lórí sítóòfù lọ sí ara ògiri, gbogbo rẹ̀ dà nù.

"Òpó kan ti lọ," mo wí.

"Mọ́kànlá ló kù," Bàbá dáhùn. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri, ọ̀rọ̀ kìíní tó bá mi sọ nìyẹn.

Ògiri tó kù ti bá òpó náà lọ, ó yẹ kí ilé fara balẹ̀. Kò fara balẹ̀. Nǹkan kan ń já a gbà, tó yàtọ̀ sí ti ìgbì: ó fà, ó dẹ̀, ó fà. Mo rákò dé ojú fèrèsé. Ọkọ̀ Bàbá ni, ọkọ̀ tó ń jẹ́ Evelia, tó fi ń pa edé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Okùn méjì ló fi so ó mọ́ òpó iwájú.

"Bàbá, ọkọ̀ yẹn ló ń fà wá!"

"Mo mọ̀."

"Ó máa fa òpó náà yọ!"

"Mo ní mo mọ̀!" Ó fọwọ́ bojú. "Kí ni mo fẹ́ fi bọ́ ìyá ẹ? Ìwé tó o fi ń yàwòrán?"

Okùn tún fa ilé. Àdúrà Màmá ń sáré sí i. Bàbá wo Màmá. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀bẹ àwọ̀n rẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ ní etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè òpó iwájú. Èmi gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, Ozeme gbá èkejì mú, ó sì yọ ara sísàlẹ̀ sínú ìjì. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, tó ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe ń rẹ́ okùn tí òun fúnra rẹ̀ ta ní kókó. Ọ̀kan já. Èkejì já. Ọkọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ bi wá léèrè ọ̀rọ̀, òjò sì gbé e mì.

Kò sí ohun tó ń fa ilé mọ́. Ó ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́, àmọ́ gbígbọ̀n nìkan ni.

Láàárọ̀, omi ti fà. Gbogbo ìlú di ẹrẹ̀ àti pákó. Ilé mẹ́sàn-án ló wà níhà tiwa tẹ́lẹ̀. Mo ka mẹ́ta. Àtẹ̀gùn wa ti lọ, bí mo ṣe yà á pé kó lọ.

"Noelie," Màmá wí, "àwòrán ẹ dáa o. Báwo ni mo ṣe máa sọ̀ kalẹ̀?"

Àkàbà òrùlé kan wà lókè. Ozeme sọ̀ kalẹ̀ lọ dì í mú nísàlẹ̀. Bàbá mú àwọ̀n edé tó kù lára ògiri, ó ká a sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, a sì gbé Màmá lé e lẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n. Ó ta kókó níwájú àyà, ó fà á wò, ó tún un ta, ó fà á wò lẹ́ẹ̀kẹta.

"Anatole, mi ò lè mí."

"Má mí púpọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkérora, tí èmi ń ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run láti òkè. Wọ́n dé ilẹ̀. Òpó mọ́kànlá ló yí wọn ká, òkun sì hàn láàárín wọn gbangba, ó tẹ́jú, ó mọ́, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Màmá gbé orí sókè ní èjìká rẹ̀, ó wò yíká ibi tí yàrá rẹ̀ wà. "Afẹ́fẹ́ ibí yìí dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni ó wí.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ibi tó máa ń so ọkọ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ẹrù tó pọ̀n sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ kí ẹ sinmi," Ozeme wí.

Bàbá wo ilẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wo ilẹ̀ lápá òsì. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè sí mi níbi tí mo dúró sí lókè àkàbà, èmi tí mo mọ ìwé.

"Síbo?" ó bi mí. "Noelie, níbo ni kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí?"