Kóńgò Tí Wọn Ò Tẹ̀ Nídìí

Ẹni tó bá mọ Wòsílátù ní Fifth Avenue, ní Festac, á mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin tó ń fi nǹkan bò. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Abúlé Adó wá bá a, wọ́n á fo gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́nà kọjá. Kí ni wọ́n rí? Kóńgò rẹ̀ ni. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn kan ṣe ń ṣe é: wọ́n á fi òòlù tẹ ìdí kóńgò wọnú, oníbàárà á sanwó odindi, ìgbà tó bá délé ló máa tó mọ̀ pé kò pé. Wòsílátù ò ṣe é rí. Ìyá rẹ̀ ní Ìwó ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá tẹ kóńgò, ara rẹ̀ ló tẹ̀.

Obìnrin yìí kan náà ló wá gbé ọ̀rọ̀ mì, tó fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko.

Hameedah lorúkọ ọmọ náà, Àpèkẹ́ ni oríkì tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Yunifásítì kan lókè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí àwọn ará àdúgbò bá bi Wòsílátù léèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́, á ní, “Ó ń wo afẹ́fẹ́.” Afẹ́fẹ́ ibo? “Afẹ́fẹ́ tí kì í ṣe tiwa.” Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Kò sì parọ́. Òṣùpá kan wà tó ń yí Sátọ́ọ̀nù po, Títánì ni wọ́n ń pè é, òun náà ní afẹ́fẹ́ tó bò ó. Òkè téńté afẹ́fẹ́ yẹn, níbi tó ti fúyẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfìfo, ni Hameedah ti fi ọdún méje wá ìdí rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè débẹ̀, ó ní láti dúró de ìgbà tí Títánì bá kọjá níwájú ìràwọ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣú bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ yẹn kọjá, bó bá sì ṣe ṣú ni wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe rí. Hameedah wá ní ohun kan tún wà níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dúró sí àárín òjìji tí Títánì ń jù sórí ilẹ̀ ayé gẹ́lẹ́ á rí i kí ìràwọ̀ tó ti ṣú tún tàn fírí láàárín òkùnkùn, torí afẹ́fẹ́ náà á darí ìmọ́lẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wá síbì kan. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní òun ò rò pé ó lè hàn.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, ìṣirò Hameedah fi hàn pé àárín òjìji náà máa gba orí Festac kọjá, láago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méje, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Irú ẹ̀ ò tún ní í gba ibẹ̀ mọ́ lójú ayé rẹ̀. Ó di awò ìràwọ̀ rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e wálé.

Ìyá rẹ̀ ló bá a wá òkùnkùn. Ilé dé ilé ni Wòsílátù lọ, tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa iná àti jẹnẹrétọ̀. Bernice, tó ń gbé ilé kejì, tí iná ìta rẹ̀ kì í kú, ló fẹ́ ṣe agídí.

“Ìyá Hameedah, tí olè bá wá ńkọ́?”

“Olè tó bá wá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kó wá gba àpò ìrẹsì kan lọ́wọ́ mi.”

Bernice rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Nígbà tí àkókò tó, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn biribiri. Hameedah wà lórí dẹ́ẹ̀kì lókè ilé, Wòsílátù wà ní kíṣìnì. Ọyẹ́ ò tíì lọ tán lọ́dún yẹn, ó wá rántí pé bùláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọmọ òun wọ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀lù kan. Àtẹ̀gùn ṣú, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí gbogbo ayé paná, ló bá tan tọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ tó ti ń tan tọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́ ò dúró béèrè lọ́wọ́ orí. Ó ti ilẹ̀kùn irin orí dẹ́ẹ̀kì ṣí, ìmọ́lẹ̀ sì tàn yòò dé ẹnu awò ìràwọ̀ náà.

Kíá ló pa tọ́ọ̀ṣì. Hameedah ò mọ̀ rárá, orí rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ dúdú tó fi bo kọ̀ǹpútà. Wòsílátù yọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀lù lábíyá.

Kò pẹ́ tí Hameedah náà fi sọ̀ kalẹ̀, omijé ayọ̀ lójú rẹ̀. “Mọ́mì, ó tàn. Ó ṣú, ó sì tún tàn.” Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Wòsílátù ní “Alhamdulillah,” kò sì mẹ́nu kan tọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kejì Hameedah fi ìlà kan hàn án lórí kọ̀ǹpútà, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ṣe ṣú àti bó ṣe tàn. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀, ó yọ gegele kékeré kan, ó yọ ńlá kan tẹ̀ lé e, kó tó tún gòkè padà. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni ti kékeré yẹn.

“Ìdọ̀tí ni, Mọ́mì. Eruku ọyẹ́ ni. Màá yọ ọ́ kúrò.”

Àmọ́ gegele ńlá yẹn ò bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, ó sì yẹ kó bọ́ síbẹ̀. Hameedah jókòó ti ìwé àti bírò títí ọ̀sán, ó ń wá àlàyé tó máa gbé e dé àárín. Wòsílátù ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń kan ìdí kóńgò níṣojú rẹ̀, òun ló sì ra òòlù fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Hameedah múra láti lọ sí káfé, kó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wọn ìrẹsì fún Bernice lọ́wọ́. Bernice ò sì ní nǹkan kan nínú tó fi sọ pé, “Kóńgò tiyín ni mo fi ń dán tàwọn tó kù wò.”

Wòsílátù fi kóńgò sílẹ̀ nínú àpò, ó wọlé.

“Àpèkẹ́, dúró. Ìmọ́lẹ̀ ńlá yẹn, tọ́ọ̀ṣì mi ni. Mo ń gbé ṣọ́ọ̀lù bọ̀ wá fún ẹ.”

Hameedah jókòó.

“Ẹ̀yin gan-an lẹ bẹ gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n paná.”

“Èmi ni.”

“Nígbà tẹ́ ẹ ti dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, kí ló dé tẹ́ ò kúkú máa dákẹ́ lọ?” Inú ń bí i.

“Torí o ti fẹ́ gbé e lọ fún wọn. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, torí wọ́n fọkàn tán ẹ. Wọ́n á délé tán, kò ní í pé.” Wòsílátù fi etí ìró nu ojú. “Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí ayọ̀ ẹ bàjẹ́.”

Hameedah mú rẹ́kọ́dà kékeré tó fi ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń pe aago lórí dẹ́ẹ̀kì. Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn irin han. Ó yẹ aago wò lórí ìlà náà: ibi tí ilẹ̀kùn ti han ni gegele ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó pa á rẹ́. Ọdún méje, ó sì pa á rẹ́ níṣojú ìyá rẹ̀.

Ó ku gegele kékeré. Hameedah ń wò ó. Ó wọn ìlà náà láti ibi tó ti ṣú dé ibi tó ti mọ́ padà. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.

“Mọ́mì, èyí tí mo fẹ́ dànù yìí, àárín gẹ́lẹ́ ló wà.”

“Ṣé òun ni?”

“Ó kéré. Ọ̀gá mi á bá mi jà lórí ẹ̀. Àmọ́ mo rò pé òun ni.”

Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kọ. Ìyá rẹ̀ ní kó ka ibi tí ọ̀rọ̀ tòun wà, kó kà á ní Yorùbá.

“Láago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá mi gbé tọ́ọ̀ṣì gòkè. Mo ti yọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò.”

“O ò sọ ti òtútù.”

Hameedah wò ó. Ó padà sórí kọ̀ǹpútà, ó fi kún un, ó sì kà á: “Ìyá mi gbé tọ́ọ̀ṣì gòkè, torí ó rò pé òtútù ń mú mi.”

Wòsílátù mi orí, bó ṣe máa ń ṣe tí ìrẹsì bá kún kóńgò dé ẹnu.

“Ó pé,” ló wí, ó sì jáde lọ bá Bernice.