Kílò Méjìlá

Nígbà tí ìjọba gbé Honoré Ògúnrìndé, akọ̀wé, kúrò ní Àjàṣẹ́ wá sí Ifangni, ní ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira, Véronique ìyàwó rẹ̀ kò bá a wá. Ó ní ta ni yóò bá òun ṣọ́ ìsọ̀ aṣọ òun lọ́jà? Honoré, onígbèéraga ọkùnrin, dáhùn pé kò burú, bó bá wù ú kó dúró. Àwa ọkùnrin a máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, a sì máa fi odindi ọdún jìyà rẹ̀.

Ó sanra nígbà náà, kì í ṣe sísanra kékeré. Ìgbádùn Àjàṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: bíà lẹ́yìn iṣẹ́, ẹran díndín lẹ́bàá ọ̀nà, iyán lálẹ́, kí oorun sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Véronique bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá Marthe, ẹ ò lè bá mi rìn mọ́." Àwàdà ni obìnrin náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Honoré ní akínyẹmí ara, ó sì bá a dé Ifangni.

Victorin, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ibẹ̀, gbé e gun òṣùwọ̀n, ó sì mi orí.

"Monsieur Honoré, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Mi ò ní oògùn tó dára ju ẹsẹ̀ yín lọ. Ẹ máa rìn. Ẹ máa jẹun kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì fi àjẹkì sílẹ̀. Voilà."

Honoré gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti ti ọ́fíìsì, á fẹsẹ̀ gba àárín ìlú kọjá, ó di oríta Lagbé, á sì padà. Ní oṣù àkọ́kọ́, itan rẹ̀ bó yánnayànna. Ní oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ìlú náà, nítorí ẹni tó ń sáré lórí kẹ̀kẹ́ kì í rí nǹkan kan. Ó mọ ilé tí wọ́n ti ń yan ẹ̀pà, ó mọ igun tí àwọn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti na ẹ̀yìn. Á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ifátóòkí, á gbọ́ orin Kútọnú lórí rédíò, á sì máa mi orí sí i jẹ́jẹ́. Bó bá délé, ẹ̀kọ méjì ni, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, àti ẹja tí wọn kò dín. Á kọjú sí ògiri jẹ ẹ́, torí àga kejì ṣófo, kò sì fẹ́ máa wò ó. Òun nìkan ni. Lẹ́yìn iṣẹ́, ohùn àwọn tó ń pè é jẹun lójú ọ̀nà nìkan ni ohùn ènìyàn tó ń gbọ́, òun a sì dáhùn pé, "Á gba ibi ire," á máa lọ.

Nítorí Véronique ni gbogbo rẹ̀. Bí obìnrin náà bá wá kí i ní Kérésìmesì, tó rí ọkọ tó tún lè bá a rìn, bóyá yóò dúró. Ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ẹni tó sanra ni ara rẹ̀ le. Akọ̀wé tó ní kẹ̀kẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn, tí a pè jẹun tí kò yà, tí ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ káyé rò? Mojọlá aládùúgbò rẹ̀, tó ń kó gàrí lọ tà ní Àjàṣẹ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ bá Véronique ní ìsọ̀.

"Ìyá Marthe, ọkọ yín ti gbẹ. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú o. Ẹ tètè lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Véronique sọ̀ kalẹ̀ nínú tásì pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ àti iṣu mẹ́rin. Ó rí Honoré lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Bàbá Marthe, ṣé ẹ̀yin rèé?"

Honoré la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí kò ṣe ṣe láti ọdún mẹ́wàá.

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀," ó wí.

Honoré sùn kalẹ̀ bí aláìsàn. Iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́, Véronique ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Ó jókòó tì í, ó sọ bí Marthe ti ń ṣe níléèwé fún un, ó sọ ìjà àwọn aláṣọ lọ́jà, títí Honoré fi gbàgbé ara rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín, tó sì yára fi ikọ́ tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ń yún un láti rìn. Ojú ń tì í. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bà á lẹ́rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Véronique jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti pinnu. Mo máa ta ìsọ̀ náà. Ẹnì kan ti fẹ́ rà á tipẹ́. Ọsibítù ńlá Kútọnú la máa gbé yín lọ."

Oyún Marthe ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń kiri aṣọ lórí, ọ̀pá kan, ọ̀pá méjì, títí tó fi ní ìsọ̀ náà. Honoré mọ̀ ọ́n. Ó dìde jókòó.

"Má tà á. Ara mi yá."

"Ẹ sùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ara mi yá! Ìrìn ni mo ń rìn. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n rìn, kí n dín oúnjẹ kù. Kílò méjìlá ló ti lọ lára mi." Ó fò dìde, ó jáde sí àgbàlá, ó yí kànga po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà wá dúró níwájú rẹ̀ láìmí hẹlẹ. "Wò ó! Mo lè bá ọ rìn."

Ayọ̀ kọ́kọ́ tàn lójú obìnrin náà. Honoré rí i. Ó sì tún rí i bó ṣe kú.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni Véronique wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run lórí orúnkún."

"Mo fẹ́ kí o dúró tì mí ni."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀! Gbogbo lẹ́tà yín, ẹ kọ òjò sí i, ẹ kí mi, ẹ kí ìyá mi. Ẹ ò kọ 'máa bọ̀' sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alors, báwo ni kí n ṣe mọ̀? Ṣé ẹ rò pé ikùn yín ni kò jẹ́ kí n wá?"

Ohun tí Honoré rò gan-an nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Véronique múra àtipadà, Honoré sì bá a gbé ẹrù dé ibùdókọ̀. Wọ́n rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ ọ̀kan kò ya èkejì sílẹ̀. Àwọn aráàlú ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì pé, "Ìyá Marthe, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o! Ó mà ti yá!" Véronique ń dá wọn lóhùn pé ọpẹ́ ni.

Ó wọlé sínú tásì, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Awakọ̀ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan. Àwọn ará ọ́fíìsì Honoré méjì wà nítòsí tí wọ́n ń wòran. Honoré di ilẹ̀kùn mú. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbóná fún ìtìjú.

"Ìyá Marthe," ó wí, ohùn rẹ̀ sì jáde sókè ju bó ti fẹ́ lọ, "wá bá mi gbé. Mi ò lè dá gbé mọ́."

Véronique yọjú lójú fèrèsé.

"Mo ti gbọ́," ó dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán."

Honoré fẹ́ béèrè iye ọjọ́ tí ìbínú náà yóò gbà, ṣùgbọ́n awakọ̀ ti ṣáná sí mọ́tò, ó sì ní láti jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn.