Ẹ̀rọ Tó Fi Mí Ṣe Tòmátì

Ṣadé, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lánàá fún ọ kí n tó gbàgbé. O mọ yàrá tí mo ń gbin tòmátì sí, níbi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń bomi rin wọ́n, tó sì ń tan fáànù bí ooru bá ti mú. Mo bá ara mi níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi wà nínú ìkòkò, ewé sì ti yọ ní èjìká mi.

Ẹ̀rọ náà ní, "Òùngbẹ ń gbẹ yín, mà." Ló bá rọ òjò wẹ́wẹ́ lé mi lórí. Bí inú mi ṣe ń dùn ni mo ń ga, títí orí mi fi kan àjà. Mo ní kó fún wa ní ọyẹ́ díẹ̀. Ó fún wa lóòótọ́, gbogbo tòmátì sì ń gbọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àfi bí ọkọ mi ṣe gbé agbọ̀n wọlé. Ó ń já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa mí.

Mi ò tiẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ló jí mi. Ó ní mo di apá òun mú pinpin, mo ń bẹ òun pé, "Jọ̀ọ́, má tíì já mi, mi ò tíì pọ́n."