Kùkùté Ẹ̀yìnkùlé Káfíńtà

Láti àárọ̀ ni àyà Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń lù kì-kì-kì, ẹ̀rù nìkan sì kọ́, ìdùnnú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti jáde, ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, alẹ́ lòun máa dé. Bó ṣe yí kọ́nà báyìí ni obìnrin náà sáré ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Òun tó yẹ kó ti wà níbi iṣẹ́! Katakata tó háyà ló ń bọ̀.

Kùkùté kan ló wà lẹ́yìnkùlé wọn tó fẹ̀ ju tábìlì ìjẹun lọ. Àárín gbùngbùn ibi tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́ kọ́ ààrò tirẹ̀ sí gan-an ló jókòó lé. Ilé onílé ló ti ń ṣe búrẹ́dì láti ọjọ́ yìí. Bíríkìlà sì ti kìlọ̀ pé bí òun bá dé lọ́la tí kùkùté ṣì wà níbẹ̀, òun ń bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Kí ló wá dé tí wọn ò tíì hú u? Ẹ bi Káfíńtà, ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá igi jà sọ lójú ẹbí pé igi kan ò lè fojú di òun nílé òun. "Ọjọ́ tí ẹ bá rí katakata lẹ́yìnkùlé mi, kí ẹ má pè mí ní Káfíńtà mọ́." Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gbé àáké lọ sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́, tí á wọ kòtò tó gbẹ́ yí kùkùté ká, tí á tún wọlé wá sọ pé ó kù díẹ̀. Òjò ọjọ́ kejì á sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo gbogbo ohun tó ṣe. Ó-kù-díẹ̀ yẹn ti sú ìyàwó rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin yìí kàn ń bá kùkùté tàkúrọ̀sọ ni.

Ló bá lọ bá ọ̀gá tó ń fi katakata háyà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ọkọ òun má gbọ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rí irú ìdílé yìí rí, ṣùgbọ́n àṣírí ò ní tú látẹnu òun.

Àfi gìrìgìrì! Katakata wọlé, ilẹ̀ ń mì, àwo ń ró nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Oníbúrẹ́dì so ìborùn mọ́ ìdí, ó ń sáré sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé òun ló fẹ́ wà á. Dẹ́rẹ́bà na apá irin, ó kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kó o kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ló bá dá ẹ̀rọ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ta ló ti kọ́kọ́ bá yín ṣiṣẹ́ níbí?"

Obìnrin náà yọjú wo kòtò. Gbòǹgbò tó nípọn bí itan èèyàn ni wọ́n ti gé síbẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ojú ibi tí wọ́n gé ń dán bíi pákó tí wọ́n fá. Dẹ́rẹ́bà ní ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, èyí tó nípọn jù, tó gba ìsàlẹ̀ lọ sí ìhà ògiri. Kí òun kàn fà á yọ, ó parí.

Háà, ọkùnrin yìí ò purọ́. Ó kù díẹ̀ lóòótọ́! Ojú ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, omijé lé ròrò sójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì tún ń dùn, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà má fọwọ́ kàn án. Dẹ́rẹ́bà ní bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, katakata gbọ́dọ̀ padà. Obìnrin náà kó búrẹ́dì lé e lọ́wọ́, ó ní kó jókòó ná. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń na ọrùn wo títì, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ òun tètè dé, òun kan náà tó ń bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ pé kó pẹ́ níbi tó lọ.

Ohùn ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, tiwọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wo iwájú, katakata mìíràn ló yọ ní kọ́nà. Ta ló sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, tó fa fìlà bojú, tó ń fọwọ́ júwe ọ̀nà? Káfíńtà ni, ẹni tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n fojú kan ara wọn. Àwọn dẹ́rẹ́bà méjèèjì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá kan náà ló rán wọn, ọ̀gá náà ò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ó ní apá òun ò ká kùkùté mọ́, nítorí bíríkìlà ọ̀la lòun ṣe lọ háyà katakata. Ó ní òun mọ ohun tí òun sọ, kí wọ́n má pe òun ní Káfíńtà mọ́, òun gbà.

Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àáké fún un.

"Ẹ wò ó, ẹyọ kan ló kù. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Ọkùnrin náà wo gbòǹgbò, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wọ kòtò. Èérún igi ń fò, òógùn ń bọ́, obìnrin náà ń fohùn rara ka iye ìgbà tí àáké balẹ̀ títí gbòǹgbò fi já. Ó jáde, wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ kùkùté, katakata kìíní fà á, kùkùté sì dìde tòun ti iyẹ̀pẹ̀. Katakata kejì ló rọ́ iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń fò sókè, ó gbàgbé pé ìyá àgbà lòun.

Aládùúgbò kan tó ti ń yọjú lórí ògiri bèèrè pé nínú katakata méjèèjì yìí, èwo gan-an ló hú u.

"Káfíńtà ló hú u," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì dáhùn, ó sì tún un wí sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.