Àwòrán Tí Euloge Ṣèlérí fún Àwọn Àna Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Euloge ṣe ka ara rẹ̀ sí ní Kétu, ẹ wo pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwé ló ń tẹ̀, àwòrán ló ń tẹ̀, ṣùgbọ́n "Ọ̀gá Ìmọ̀ Ẹ̀rọ" ló kọ gàdàgbà síbẹ̀.

Nígbà tí bàbá Clémence, ìyàwó rẹ̀, papò dà, ìdílé pé jọ ní Okpomèta. Fidèle, ẹ̀gbọ́n Clémence, ní kí wọ́n lọ sí Kútọnu lọ tẹ àwòrán ńlá bàbá tí wọn yóò gbé síwájú pósí. Euloge dìde, ó gbọn apá agbádá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gba àlejò yín. Níbi tí mo wà láyé, ta ni yóò gbé bàbá mi lọ tẹ̀ ní Kútọnu?"

"Ṣé bàbá la fẹ́ tẹ̀ ni, àbí àwòrán?" ni ìyá àgbà kan wí. Ilé bú sẹ́rìn-ín.

Clémence ò rẹ́rìn-ín. Látìgbà tó ti fẹ́ Euloge làwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wí pé ẹnu lọkọ rẹ̀ ní, kò lọ́wọ́. Ìsìnkú yìí ló ń retí láti fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Euloge jẹ́ àlòkù láti Yúróòpù. Ó máa ń kérora bí arúgbó tó fẹ́ dìde, àmọ́ bó bá tẹ àwòrán tán, òkú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ọ. Kò sí ohun tó ṣe é. Kọ̀ǹpútà pàápàá kò ní àléébù, àfi pé ojú rẹ̀ ti gbó, àwọn àna tó ń bọ̀ láti Kútọnu fún ìsìnkú sì lè yà wò ó. Euloge bá gbé ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ń dán yinrin bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kọ̀ǹpútà ní òun ṣì tọ́jú ètò àtijọ́ pamọ́, bóyá ọ̀gá á fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Èmi? Padà sẹ́yìn?" Ó pa á rẹ́ ráúráú.

Lọ́jọ́bọ̀, tí ìsìnkú ku ọjọ́ méjì, ó ní kí ẹ̀rọ tẹ àwòrán. Ẹ̀rọ dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹ̀rọ kankan nítòsí. Ọgbufọ̀ kan ló máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì, ètò kékeré tí wọ́n ń pè ní pílótì. Pílótì àtijọ́ ò gbọ́ èdè ètò tuntun náà. Euloge wá òmíràn kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí tó fi kan ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà: àwọn ò ṣe é mọ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Clémence pè é. "Bàbá Raïssa, ṣé ó ti jáde?"

"Ó ń jáde."

"Ṣé kí n wá gbé e?"

"Má kán mi lójú. Máa se ọbẹ̀ rẹ."

Ọ̀nà Kútọnu ṣì là gbọọrọ. Ojú Fidèle ni kò jẹ́ kó gbà á. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ olówó orí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fidèle fúnra rẹ̀ dé. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Èyí mà dára o, àna wa."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

"Àwòrán ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n... pílótì ni."

"Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwa àna?"

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fi aṣọ funfun bo tábìlì níwájú pósí. Fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ bàbá, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ, ni wọ́n fi ti ife omi kan. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ wò ó, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àṣà wọn ni kí ìdílé pe àwọn àna síta lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkọtaya, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Fidèle pe àna tó wá láti Kpankou. Ó pe èyí tó wá láti Adakplamè. Euloge tún fìlà dé. Clémence ti dìde, ó ti tún gèlè rẹ̀ wé.

Fidèle dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó jókòó.

Clémence dúró díẹ̀ lójú agbo. Kò wo ọkọ rẹ̀, kò sì padà sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọjá lọ síbi tí àwọn opó bàbá rẹ̀ jókòó sí lórí ẹní, ó jókòó láàárín wọn. Wọ́n sún fún un. Ẹnì kankan nínú wọn ò bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀.